Íńkì Orí Àtàǹpàkò

“Ẹ má béèrè pé, ‘Ọmọ mélòó lẹ bí?’” Olútìmẹ́hìn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òdòdé, Ìdànrè. “Ìyá ọlọ́mọ yóò lé yín síta ni. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ẹ ní kí wọ́n máa dárúkọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́. Bí orúkọ bá tán, ẹ ti mọ iye wọn nìyẹn, ẹ ò sì ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kò bá kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kò tíì kà á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Olútìmẹ́hìn dùn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó tún jẹ́ alàgbà ní ìjọ Aládùúrà tó wà ní àdúgbò rẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Òun wà lára àwọn díẹ̀ tó kù nílùú nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 2006. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi pè é kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Wọ́n fẹ́ máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n mọ iye àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, iye àwọn aláìní tí kò ní alábòójútó, àti iye àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Ẹgbẹ́ náà ti rí dókítà ọpọlọ kan tí yóò máa wá láti Àkúrẹ́ lóṣooṣù. Ibi tí iye bá ti pọ̀ ni wọn yóò gbé àga rẹ̀ sí.

Iye ti àtijọ́ wà lára ògiri, lórí káàdì fífẹ̀ kan. Inú ìwé àdàkọ tí Olútìmẹ́hìn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pamọ́ lẹ́yìn ìkànìyàn náà ni wọ́n ti kó o jọ. Níwájú àdúgbò tí Olútìmẹ́hìn fúnra rẹ̀ kà, tó jẹ́ àdúgbò tó ń gbé, wọ́n kọ ọ́ pé: ẹlẹ́wọ̀n, méjì, aláìní, mọ́kànlá, ọpọlọ, òdo.

Ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé nawọ́ sókè. Amatullah ni orúkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, òdo yẹn ni mò ń wò. Àwọn àdúgbò yòókù ní mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́rin. Tiyín nìkan ló jẹ́ òdo. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀?”

Kí Olútìmẹ́hìn tó lanu, ẹnì kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Àdúgbò àwọn alàgbà ni! Àdúrà ti lé e lọ!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olútìmẹ́hìn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí káàdì náà. “Ohun tí a bá nílẹ̀ la kọ,” ló wí.

“Ó dáa, sà,” ni Amatullah wí. “A jẹ́ pé dókítà ò ní í jókòó lápá ibẹ̀ nìyẹn.”

Stephanie, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá dìde. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú bébà kan nínú ọ̀rá tí òun gbé lọ́wọ́. Ilé tó bá wà lórí bébà náà ni kó lọ fi ṣe ìdánrawò ní ọ̀sán yẹn. “Lọ́la, a ó ka gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn sókè níbí, ká lè jọ ṣàtúnṣe.” Amatullah na bébà tirẹ̀, ó sì kà á pé, “Ilé ọ̀gá.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Olútìmẹ́hìn ṣírò rẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e lọ sílé. Láti 2006 sí ọdún yìí, ogún ọdún géérégé ni. Àfi bíi pé àwọn àgbà náà ti dé ilé rẹ̀ rí.

Ẹni tí kò kọ orúkọ rẹ̀ ni Ọlọ́runyọmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá. Ọdún méje ló fi jù ú lọ. Nígbà tí bàbá wọn kú, Ọlọ́runyọmí ló fi ìwé sílẹ̀ tó bọ́ sí oko kòkó ní ọ̀nà Ofosu, kí àbúrò rẹ̀ lè ka ìwé olùkọ́ parí. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Ọdún bíi mẹ́ta ṣáájú ìkànìyàn yẹn ni orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn ọsibítù ràn án. Wọ́n ní kí wọ́n máa padà wá gbà á lóṣooṣù. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ń ti Olútìmẹ́hìn láti jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Wọn kò lọ mọ́.

Lọ́sẹ̀ ìkànìyàn, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Ìgboro dá. Olútìmẹ́hìn ka ilé gbogbo ní àdúgbò, ó sì fi íńkì sí àtàǹpàkò ẹni tó bá ti kà, kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tirẹ̀ ló kà kẹ́yìn. Lọ́dún yẹn ni ìjọ fẹ́ fi òróró yàn án. Ó ronú nípa ọ̀gá tó máa gba fọ́ọ̀mù náà yẹ̀ wò, ọmọ ìjọ wọn ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, ó sì pa ìwé dé.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ ohùn láti yàrá ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀. Ọlọ́runyọmí ti na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

“Tìmẹ́hìn, tèmi ńkọ́?”

Olútìmẹ́hìn wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ṣí ìgò, ó fi íńkì sí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà dé ìgò. Kò ṣí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Ọlọ́runyọmí fi ń fi ọ̀rá wé àtàǹpàkò náà bí ó bá fẹ́ wẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ẹ̀yìnkùlé, ì báà ṣe ẹni tó wá ra ẹyin, á na ìka sí i: “Wọ́n ti kà mí.” Nígbà tí íńkì náà ṣí tán, ó sunkún bí ọmọdé. Olútìmẹ́hìn gbọ́ ẹkún yẹn láti pálọ̀, ó sì yí rédíò sókè. Títí di òní, bó bá rántí rédíò yẹn, ara rẹ̀ a máa gbóná láti ọrùn lọ sókè.

Hannah, ìyàwó rẹ̀, ń bu ẹ̀bà nígbà tó wọlé. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró.

“Kí lẹ fẹ́ sọ fún ọmọ náà?” ni Hannah béèrè.

“N kò tíì mọ̀.”

“Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbé síbí kalẹ̀. “Lọ́jọ́ Sátidé ni ẹbí àfẹ́sọ́nà Tóyọ̀sí ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó fọmọ fúnra wọn. Ṣé olè wà nílé yẹn? Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá ka fọ́ọ̀mù yẹn sókè lọ́la, yóò ti dé Àkúrẹ́ kó tó di ọ̀túnla. Ọmọ kan ṣoṣo la ní.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Hannah.”

“Ẹ ò ní í kọ́ mi níyẹn o. Èmi tí mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bu oúnjẹ mẹ́ta, n kò bu méjì rí. Èmi kà á. Ẹ̀yin lẹ kò kà á.”

Ó gbé abọ́ kẹta, ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí Hannah ti ń padà bọ̀ ni Amatullah kan ilẹ̀kùn. Ó kí wọn, ó kúnlẹ̀, ó kọ̀ láti mu omi nítorí pé ó ń gba ààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Ta ni olórí ilé yìí, sà?”

“Èmi ni. Olútìmẹ́hìn.”

“Ẹ máa dárúkọ àwọn yòókù.”

“Hannah, ìyàwó mi. Olúwatóyọ̀sí ọmọ wa ti wà ní Àkúrẹ́. Ó tán.”

Amatullah kọ orúkọ àwọn méjèèjì tó wà nílé. “Ẹnikẹ́ni wà lẹ́wọ̀n?”

“Kò sí.”

“Ẹni tí kò ní alábòójútó?”

“Kò sí.”

“Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé?”

Hannah ń wo ilẹ̀. Olútìmẹ́hìn ń wo bírò ọmọ náà tó dúró lókè àpótí kékeré orí fọ́ọ̀mù, tó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

“Ṣé kí n kọ òdo, sà?”

Amatullah rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú nípa ìbéèrè tí mo béèrè láàárọ̀. N ò fẹ́ dójú tì yín. Ilé tiwa náà wà nínú òdo yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wà nílé wa, ara rẹ̀ ò yá látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Màmá mi ní nígbà tí ẹ wá kà wá, àwọn purọ́ fún yín pé ó ti lọ sílé ọkọ. Ojú ń tì wọ́n, torí ẹni bíi tiyín ló jókòó síwájú wọn. Ìdí tí mo fi bá wọn gba iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí dókítà yẹn lè dé ọ̀dọ̀ wa.”

Ẹni bíi tiyín. Olútìmẹ́hìn rántí ìyá náà, bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, bí òun náà ṣe gbé imú sókè nídìí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún un. Ìtìjú mú un débi pé kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

“Má kọ òdo,” ló wí. “Kọ Ọlọ́runyọmí. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yìnkùlé ló wà.”

Hannah gbé orí sókè. Olútìmẹ́hìn mú kọ́kọ́rọ́ níbi tó gbé kọ́ sí, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti funfun tẹ̀ lé e, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́. Amatullah tún kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, sà.” Ọlọ́runyọmí dúró, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí àlejò kúnlẹ̀ kí i kẹ́yìn. Ó wá rí bírò àti fọ́ọ̀mù, ó sì na àtàǹpàkò sí wọn.

“Kò sí íńkì lọ́tẹ̀ yìí, Bùọ̀dá,” ni Olútìmẹ́hìn wí. “Ìwé nìkan ni. Wọ́n ti kà yín.”

“Irọ́ ni.” Àtàǹpàkò náà wà lókè síbẹ̀. “Bí kò bá sí íńkì, ẹ ò tíì kà mí.”

Olútìmẹ́hìn kò lè wo ojú rẹ̀. “Bùọ̀dá, ìgbà tí íńkì wà ni n kò kọ orúkọ yín. Èmi ni mo purọ́ fún yín. Ẹ dárí jì mí.”

Bóyá Ọlọ́runyọmí gbọ́, bóyá kò gbọ́, kò hàn lójú rẹ̀. Amatullah rọra yí fọ́ọ̀mù sí i. Ó tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò náà sí abẹ́ ìlà kìíní, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ti pẹ́ tó fi ìwé sílẹ̀: “O-lú-tì-mẹ́-hìn.” Ó sún ìka. “Han-nah.” Ó sún un lọ sí ìlà kẹta, níbi tí orúkọ tirẹ̀ wà. Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó bojú jẹ́.

“Ta ló kọ mí sí ìsàlẹ̀? Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa?”

Hannah ló dáhùn, ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú.

“Ẹ̀yin ni, Bùọ̀dá.”

Olútìmẹ́hìn yíjú sí Amatullah. “Ṣé fọ́ọ̀mù mìíràn wà nínú báàgì rẹ?”

“Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbàgbé pé wọ́n máa kà á sókè lọ́la?”

“N kò gbàgbé. Èmi fúnra mi ni màá kà á. Màá sì tún káàdì ara ògiri yẹn kọ.”

Ó dìde kúrò lórí àga onírọ̀rí tó máa ń jókòó sí, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbẹ̀, òun sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Amatullah tẹ́ fọ́ọ̀mù tuntun sórí itan.

“Ta ni olórí ilé yìí?” ló béèrè.

Olútìmẹ́hìn dákẹ́. Ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn.