Ọkùnrin Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Àga

Iṣẹ́ kì í tètè parí ní ṣọ́ọ̀bù Hàmídù, télọ̀ kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, nítorí pé òun àti Salahudeen ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ìdajì ọjọ́ wo fídíò ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó tó ṣubú níbi ijó: wọn a rín in títí omi á fi dà lójú wọn, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Hàmídù kò béèrè rí bóyá ìyàwó tó ṣubú náà fara pa.

Nígbà tí ọjọ́ tí yóò lọ tọrọ Kúlísúmù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin náà ní Òkèlùsé kù díẹ̀, ẹ̀rù bà á. Akólòlò ni. Níwájú àgbà, ọ̀rọ̀ a máa há a lọ́fun bí egungun ẹja.

“Ìyẹn ò tó nǹkan,” ni Salahudeen wí. “Fi àwọn àga wọ̀nyí ṣe àna rẹ. Máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn títí yóò fi mọ́ ọ lára.”

Hàmídù to àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Salahudeen gbé fóònù sókè, ó ń ya á, ó ní kí Hàmídù lè rí àṣìṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Bí ọ̀rọ̀ tún ti há Hàmídù, Salahudeen ní, “Bàbá yẹn lò ń bẹ̀rù. Sín in jẹ. Wúkọ́ bíi tirẹ̀, ẹ̀rù á fò lọ.”

Hàmídù jókòó sórí àga tó tóbi jù, ó ṣu ẹnu jọ, ó wúkọ́ bí arúgbó àgbẹ̀ kòkó. “Ta-ta-ta ló bí ọ?” Àwọn méjèèjì rín in. Lóòótọ́, lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ẹnu rẹ̀ já gaara.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bó ti jáde ní mọ́sálásí, àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé àwọn àga ti fún yín níyàwó?”

Fídíò náà ti gbòde kan. Wọ́n ti fi orin sí i lábẹ́, wọ́n sì ti gé ohùn Salahudeen kúrò. Ohun tó kù kò ju wèrè kan tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àga, tó sì ń fi àna rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Kúlísúmù pè é nírọ̀lẹ́. “Bàbá mi ti wò ó. Kò tíì jẹun.”

“Salahudeen ló ní kí n ṣe é.”

“Kí ó wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú Bàbá. Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan kò lè wọ̀ wọ́n létí mọ́.”

Salahudeen kò jiyàn pé òun ló fi fídíò náà síta. “Àwàdà ni mo pè é. Àmọ́ wò ó, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ.” Hàmídù ì bá ti ibẹ̀ já a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mìíràn kò sí. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun lọ.

“Èmi fúnra mi ni màá là á yé Bàbá,” ni Salahudeen wí. “Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá.”

Bàbá Kúlísúmù, Àlàájì Zakariyah, jókòó sórí àga níta gbangba nígbà tí wọ́n dé Òkèlùsé. Kúlísúmù dúró lójú fèrèsé. Hàmídù dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kò há a.

“Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́yìn mi yìí ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ jẹ́ kó sọ bó ṣe rí.”

Adìẹ kan kọjá níwájú imú rẹ̀. Ohùn tó ń retí kò wá. Ó wòkè, ó rí i pé òun kọ́ ni bàbá náà ń wò. Ẹ̀yìn òun ló ń wò. Ó yí ọrùn padà.

Salahudeen ti gbé fóònù sókè, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kí bàbá àti ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lè jọ wọ inú àwòrán.

“Máa sọ̀rọ̀ lọ,” ó rọra wí. “Ó ń dùn.”

Àlàájì Zakariyah wúkọ́, ikọ́ gidi, ó sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. “Ẹlẹ́rìí rẹ nìyẹn?”

Hàmídù ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ há.

“Ẹ wá fi ilé mi ṣe apá kejì.” Bàbá náà dìde. Kò fi àga rẹ̀ sílẹ̀ síta. Ó gbé e dání wọlé. Kúlísúmù pa fèrèsé dé.

Hàmídù kò dìde. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, bó ti ń yí lọ sí òdìkejì láti ya fídíò ojú rẹ̀.