Orí Bàbá Dígí

Nígbà tí ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ wọ yunifásítì, ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ ni pé ọmọ òun ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Bàbá náà kì í ṣe òpùrọ́. Ọmọ ti ṣàlàyé títí pé antiropólọ́jì ni òun ń kọ́, ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọ bàbá létí. Ó ní òun ti ń bá ènìyàn gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò sì sí ẹni tó fún òun ní ìwé ẹ̀rí.

Ní ọdún kẹta, olùkọ́ ọmọ náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àmọ́ tí inú rẹ̀ dára, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ jókòó síbi iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré gba ilé ìwòsàn àti pápákọ̀ òfurufú. Òun kọ lẹ́tà sí ibi mẹ́rin, ìkankan ò dá a lóhùn. Ló bá forí lé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, níbi tí àga méjì wà, dígí gígùn kan, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó sí láti tú ayé palẹ̀ kí wọ́n tún un tò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò so èso kankan. Gbàrà tó ṣí ìwé tó mú bírò dání, gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Àwọn tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Káfíńtà kan bi í bóyá ìjọba ló rán an wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, bẹ́ǹṣì ṣófo. Bàbá rẹ̀ wo bẹ́ǹṣì, ó wo ọmọ.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ìwọ àti bírò yìí ti lé àwọn oníbàárà mi lọ.”

Ọmọ padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Olùkọ́ bi í ní ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní òun ń kọ̀wé ni.

“Ẹni tó wọ ilé onílé tí kò bá wọn ṣe nǹkan kan, àlejò ni yóò máa jẹ́,” ni olùkọ́ wí. “Gbé ìwé sílẹ̀. Mú ìgbálẹ̀.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irun nílẹ̀ nìyẹn, tó ń fọ táwẹ́ẹ̀lì, tó ń gbé omi kaná. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á sáré kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fò ó lórí.

Ìgbà yẹn ló wá kíyè sí Bàbá Dígí, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. Orí rẹ̀ ń dán débi pé ènìyàn lè fi wojú, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Kò sí irun kan ṣoṣo lórí náà. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, á wá, á dúró de ipò rẹ̀, á sì jókòó. Bàbá ọmọ á so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, á fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná bo orí, á fi ọṣẹ pa á, á wá rọra fa ẹ̀yìn abẹ lórí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́. Lẹ́yìn náà, á fi òróró díẹ̀ ra á, á sì bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àgbà á yẹ ara rẹ̀ wò, á ní ó gún régé.

Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Ìyẹn ló ya ọmọ náà lẹ́nu jù, torí àwọn ará ibẹ̀ lè fi òkú ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí àgbà lọ tán, ó bi bàbá rẹ̀ ní ìdí.

“Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fá a fún un tẹ́lẹ̀,” ni bàbá wí. “Nígbà tí ìyá náà kú, ọdún kan gbáko ni kò fi jáde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé síbí, irun ti tán lórí rẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kò sóhun tí mo fẹ́ fá ni?”

Ọmọ mọ̀ pé òun ti rí ohun tí iṣẹ́ òun máa dá lé. Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà náà, ó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kọ. Abẹ dúró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àgbà fọwọ́ ra orí rẹ̀.

“Kọ ọ́, ọmọ mi,” ó wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n má kọ pé mo pá lórí. Kọ pé irun mi ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín bú lórí bẹ́ǹṣì, àgbà gan-an ló sì rín in jù.

Kí ọmọ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún olùkọ́, ó kà á fún bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó kan ibi tó kọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fífá náà máa ń gbà. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

“Mẹ́wàá tí inú rẹ̀ bá dùn ni. Bí mo bá rí i pé ọkàn rẹ̀ wúwo, mo máa ń lò tó ogún.”

Ọmọ pa á rẹ́, ó sì tún un kọ. Bàbá wá bi í bóyá ohun tó ń kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́ta wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ lọ́yà tán. Gbogbo oníbàárà ló ń gbọ́ nípa antiropólọ́jì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá máa ń pè é kó tó bọ́ sójú ọ̀nà, tí olúkúlùkù lórí bẹ́ǹṣì á sì máa bá a tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀.

Máàkì tí olùkọ́ fún un ga, àmọ́ ó kọ ìbéèrè kan sí etí ìwé: ta ló ń gẹ irun onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀? Ọmọ gbé e délé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ni, pé òun máa ń méfò ẹ̀yìn orí ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọmọ mú un jókòó, ó gbé kílípà. Ó gẹ ẹ́ tán, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ etí kan ga ju èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n bi bàbá lọ́jọ́ Ajé pé ta ló dán irú èyí wò lórí rẹ̀, ó ní ẹni tó lọ yunifásítì ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí bàbá rẹ̀ ti lọ jókòó dè é.