Ìdọ̀bálẹ̀ Micah

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adétọ́lá sọ fún Màmá Julianah, ìyá ọkọ rẹ̀, pé Micah, ọkọ òun, kò gbọdọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní Iléṣà ni wọ́n dúró sí, lọ́dún 1996.

Ní oríta Ìwárajà, níbi tí Micah ti ń lẹ táyà, ni orí ti fọ́ ọ lójijì tó sì dá a wólẹ̀. Àwọn dókítà fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ nínú omi náà.

"Wọ́n ní ó jọ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló wú nínú ọpọlọ rẹ̀, Màmá, bíi táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta. Ó ti jò díẹ̀. Bó bá tún bẹ́, ẹ̀mí lè lọ sí i. Lọ́jọ́bọ̀ la ó gbé e lọ Ìbàdàn. Wọn á ya àwòrán orí rẹ̀, wọn á ṣí i, wọn á fi irin kékeré kan mú ọrùn ibi tó wú náà pinpin, kí ẹ̀jẹ̀ má wọ ibẹ̀ mọ́. Kó ṣáà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ dìgbà náà."

"Mo ti gbọ́," ni Màmá wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹgba ló fi kọ́ ọmọ mẹ́fà ní ìkíni. Lójú tiẹ̀, ọmọ tó bá ti orí bẹ́ẹ̀dì kí àgbà, ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni. Bó ṣe wọlé, Micah gbọ́wọ́ sókè.

"Yèyé mi, ẹ káàbọ̀."

Àwọn àlejò tó wà níbi bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú wò wọ́n. Ojú ti Màmá. Ojú rẹ̀ nìkan ló le. Ojú lásán! Ojú tí Micah ti mọ̀ láti kékeré ni.

Kí Adétọ́lá tó dì í mú, Micah ti bọ́ sílẹ̀, ó ti nà gbalaja sórí símẹ́ǹtì. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti kú.

Màmá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ síbi tí ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí.

"Mo kí ọ o, Micah," ló ní. "Má dìde, ọmọ mi. Má dìde."