Iyàrá Tó Wà Lójú Ọ̀nà Rélùwéè

Wọ́n wó iyàrá Oyèníkẹ́ ní Ìwó kí oníṣòwò ẹ̀kùrọ́ kan lè ráàyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó tún mọ ibi tí òkú ọmọ Oyèníkẹ́ wà nínú ilẹ̀ náà.

Wùmí ni ọmọ náà ń jẹ́. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ibà ló pa á nígbà tí wọ́n ń múra àtifi í fún ọkọ. Inú iyàrá ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń sin ará ilé. Òbí kì í dúró wo bí wọ́n ṣe ń sin ọmọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n mú Oyèníkẹ́ jáde. Ògúnkúnlé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀, òun ló sì tẹ́ ọmọ náà sí i. Nígbà tí ìyá fi máa padà wọlé, wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ náà dán. Kò béèrè ibi tí ó wà gan-an, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ó kàn gbé ẹní rẹ̀ lọ sínú iyàrá náà. Ó ń tẹ́ ẹ sídìí ògiri lónìí, ó ń tẹ́ ẹ sí àárín lọ́la, kó lè dá a lójú pé ó kéré tán, òun ń sùn ti ọmọ òun nígbà mìíràn.

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn. Àwọn obìnrin Ìwó ṣì ń ru ẹ̀kùrọ́ lọ sí Ìbàdàn. Ìgbà náà ni Kòfowórọlá dé, ará Èkó tó ń ra ẹ̀kùrọ́ fún àwọn òyìnbó. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọ̀làjú. Ohun tó ń fẹ́ ni ilẹ̀ ọ̀fẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ síbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Bí kò bá rí i ní Ìwó, yóò wá a lọ sí ìlú mìíràn.

Abọ́dúnrìn, mógàjí agbo ilé ọkọ Oyèníkẹ́, pe gbogbo ilé jọ. Iyàrá Oyèníkẹ́ àti méjì tó tẹ̀ lé e, tó wà lójú ọ̀nà náà, ni wọn yóò wó fún un.

"Ẹ wo ọrùn àwọn obìnrin yìí," ó ní. "Ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í wọnú àyà wọn. Ṣé Ìbàdàn náà ni wọn ó máa rìn lọ títí wọn ó fi darúgbó?"

"Tèmi ti wọlé tán, Bàbá," ni Àgbékẹ́ wí, opó kan tí òun àti Oyèníkẹ́ jọ ń ta ẹ̀kùrọ́. "Ẹ ò rí i pé mo ti di alábahun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèníkẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò kọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ mi. Ọkọ mi Ògúnkúnlé ló mọ ibi tó wà, wọ́n sì wà ní oko wọn ní Kuta. Ẹ jẹ́ kí n lọ pè wọ́n wá."

"Lọ pè é, ìyàwó. Mo fi orí mi búra, ọkọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kan ilẹ̀ iyàrá yẹn kí o tó dé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Oyèníkẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀ ń dun Ògúnkúnlé, nítorí náà wọn kò tètè ṣí ní Kuta. Kí wọ́n tó dé, Kòfowórọlá ti kó páànù wá. Ó ní òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, òun kò lè dúró. Ẹ̀rù ba Abọ́dúnrìn pé ọkùnrin náà yóò lọ. Ó ní kí wọ́n wó ògiri. Wọn kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n kó ẹrù Oyèníkẹ́ lọ sọ́dọ̀ Àgbékẹ́, ìkòkò kan kò fọ́. Wọ́n wá bu omi sí ògiri tó wó, wọ́n gún un mọ́lẹ̀ láti fi ṣe amọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ògúnkúnlé dé, ó dúró sínú ẹrẹ̀.

"Ilẹ̀kùn dà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ibo ni ilẹ̀kùn wà?" Ó rìn síwájú, ó padà. "Ibí ni. Rárá o. Ibi tí a sin ìyá mi sí nìyí."

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò ní kan ilẹ̀," Oyèníkẹ́ sọ fún Abọ́dúnrìn.

"A ò kàn án, ìyàwó. Bi wọ́n léèrè. Ọkọ́ kankan ò kàn án."

Òótọ́ ló sọ.

Wọ́n gbẹ́ ibí, wọ́n gbẹ́ ọ̀hún. Agbo ilé àtijọ́ ni. Òkú pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, Ògúnkúnlé kó egungun òkú kan jáde, ó dì í sínú aṣọ.

"Gbà á, ìyàwó. Wùmí nìyí."

"Ẹ wo ojú mi, ọkọ mi. Wùmí ni?"

Kò lè wò ó. "Àbúrò mi obìnrin kan náà wà nínú ilẹ̀ yìí," ó ní. "Kò ju Wùmí lọ nígbà tó kú. Mi ò mọ̀."

Bí wọ́n bá sin Wùmí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ ni, wọn ì bá dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n bọ́ ọ fún òun kí wọ́n tó gbé ọmọ náà wọ ilẹ̀.

"Gbà á, ọ̀rẹ́ mi," Àgbékẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. "Ọmọ ẹnìkan ṣáà ni."

"Ọmọ ẹnìkan kọ́ ni mo bí."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Abọ́dúnrìn ní kí wọ́n bo ilẹ̀, pé àwọn ìyá òun ni wọ́n ń hú síta.

Ṣọ́ọ̀bù náà dúró, ó sì tà. Àwọn obìnrin kò rìn dé Ìbàdàn mọ́. Wọ́n fún Oyèníkẹ́ ní iyàrá tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sùn nínú rẹ̀. Ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, kò sì ta ẹ̀kùrọ́ mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìwó ni ọmọ rẹ̀ wà, lábẹ́ àpò ẹ̀kùrọ́ àwọn ẹlòmíràn.