Abẹ́rẹ́ Ni, Kì í Ṣe Kòrónà

Bí ẹwà bá jẹ́ oúnjẹ ni, Jarrod Pike ì bá bọ́ gbogbo ìlú Wirrabel yó. Ọkùnrin náà ga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà, eyín rẹ̀ funfun báláú, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú. Lọ́jọ́ tó fi òrùka sí Maeve Dunstall níka lábẹ́ àká ọkà ńlá, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀, ńṣe ni Maeve rò pé ọkàn òun yóò já bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì láti ìdájí, tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ló tún kù tí yóò máa wá láyé? Ó ti rí olówó orí rẹ̀. Òtítọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀fìnkìn ló sì gùn wá.

Ọjọ́rú ni Maeve gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní Ọjọ́bọ̀, ibà gbé e dè, orí ń fọ́ ọ, apá rẹ̀ wúwo bí igi tútù. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ń ta á bí ẹni tó gbé iyanrìn mì.

Òun àti ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Ivy, ni wọ́n jọ ń gbé. Màmá Ivy ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀dọ̀fóró ìyá àgbà náà ti gbó; bó bá rìn láti orí àga dé ìdí síńkì, yóò dúró kó èémí jọ bí ẹni tó gun òkè. Bí kòrónà bá wọ ilé yẹn, ta ni yóò kọ́kọ́ gbé lọ? Kò yẹ kí Maeve ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ ṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n Jarrod àti ìyá rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì, wọn kò wọlé.

"Abẹ́rẹ́ ni," Jarrod wí. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Ó ní igbe tí òun ń ké mọ́ àwọn ọmọ lórí pápá ló fà á. "Gbogbo ẹni tó gbà á ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi."

"Nọ́ọ̀sì ní bó bá jẹ́ ibà àti ara ríro, abẹ́rẹ́ ni. Ó ní bí imú bá ń ṣomi, tí ọ̀fun ń dunni, ti abẹ́rẹ́ kọ́ nìyẹn, kí n lọ ṣàyẹ̀wò."

"Nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù."

"Kí ni bọ́ọ̀lù ń wá nínú imú mi?"

Ìyá Jarrod, Noelene, tẹ̀ síwájú. Obìnrin yìí máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ.

"Gbọ́, ìyàwó wa. Pápá ìpàtẹ màlúù tó wà létí títì ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò níbí. Bó o bá lọ to mọ́tò rẹ síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọn á ti máa wí nílé ọtí pé àfẹ́sọ́nà balógun ti kó kòrónà. Ẹnì kan á pe ìjọba, wọ́n á dá gbogbo ẹgbẹ́ jókòó sílé. Ìgbà tí a dé àṣekágbá kẹ́yìn, Jarrod ò tíì hu irùngbọ̀n."

"Ìyá Jarrod, Màmá Ivy ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ bí èémí wọn ṣe rí."

"Màmá Ivy yóò sin gbogbo wa. Ṣé kì í ṣe pé àwọn náà ti gba abẹ́rẹ́ ni? Kí ló tún kù?"

Jarrod gbé àtẹ́lẹwọ́ lé nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wo Maeve pẹ̀lú ojú tó ti fi ń fa ọmọbìnrin láti ilé ìwé.

"Nítorí ìfẹ́ wa ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Kí àṣekágbá Sátidé ṣáà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ọ́, máa ṣàyẹ̀wò títí di Kérésì."

Maeve gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ti Jarrod láti inú ilé. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ a máa fi okùn sọ́rùn ènìyàn, onítọ̀hún á tún máa pè é ní ìlẹ̀kẹ̀.

"Arẹwà ti lọ?" Màmá Ivy béèrè láti yàrá nígbà tí wọ́n gbọ́ mọ́tò.

"Ẹ má bú u, Màmá."

"N ò bú u. Màlúù tí wọ́n ń fà lọ síbi ìpàtẹ náà lẹ́wà. Rìbọ́n ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ikọ́ rẹ̀ tó ti wà tipẹ́. Maeve dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Ó ń gbọ́ bí èémí náà ṣe ń hán, tó ń lọ, tó ń bọ̀, bí ẹwìrì tó ti ya. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun yóò ṣàyẹ̀wò. Síbẹ̀, ẹ wo òmùgọ̀ ọmọ: kí ojú má baà ti Jarrod, kò lọ sí ti Wirrabel. Kandra ló wa mọ́tò lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìlú etí òkun, ọ̀nà jíjìn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ mọ́tò rẹ̀.

Ìlà méjì ni mọ́tò tò sí níwájú ọgbà náà. Kùrukùru bo ilẹ̀. Bí ìlà Maeve ṣe ń sún, ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò funfun kan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ fa fìlà bo ìpéǹpéjú, ó fa ìbòmú dé abẹ́ ojú, ó sì fi awòjú dúdú sí àárín, nínú kùrukùru. Ó ká ara jọ bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Maeve ì bá ti kọjá lọ láìwò ó.

Ṣùgbọ́n ní àgbègbè ọkà tiwa, ẹni tó bá wà nídìí sítíárìn kò gbọdọ̀ rí mọ́tò mìíràn kó má gbé ìka kan sókè kí i. Ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ ilé ìwòsàn á kí ọ, ẹni tó ń sá fún olówó á kí ọ. Àwọn ará Kandra kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìka ìfábẹ̀lá onífìlà yìí fúnra rẹ̀ dìde lórí sítíárìn, Maeve yíjú wò ó. Ìka náà ti gan sókè, nítorí ẹni tó ni ín ti rí ẹni tó ń kí. Maeve wo ilẹ̀kùn mọ́tò náà tó ti tẹ̀ wọnú. Mọ́tò Noelene ni. Ó yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, balógun."

Jarrod yọ awòjú. "Maeve. Mo kàn..."

"O kàn ń kọjá lọ, o rí ìlà, o ní kí o tò."

"Ọ̀fun mi ni. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń dùn mí."

Maeve ka ọjọ́ lórí ìka. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo jẹ ẹran àgùntàn nílé wa. O fẹnu ko Màmá Ivy lẹ́rẹ̀kẹ́."

"Bí n ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó ṣe mí."

"Ìwọ ti gba abẹ́rẹ́?"

"Rárá o. Mo ní kí àṣekágbá kọjá ná, kí apá má lọ máa ro mí."

"Jẹ́ kó yé mi. Èmi tí imú mi ń ṣomi, abẹ́rẹ́ ni. Ìwọ tí o ò gba abẹ́rẹ́ kankan, o jí mọ́tò ìyá ẹ wá ṣàyẹ̀wò."

"N ò jí i, ìyá mi ló ní kí n gbé e, kí ẹnikẹ́ni má baà dá tèmi mọ̀. Mo ní láti mọ̀, Maeve. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìdílé nílé."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn ló já Maeve kulẹ̀ jù. Ó wo àgbọ̀n Jarrod tó ti máa ń rò kó tó sùn lálẹ́, ó wo àyà fífẹ̀ náà, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju abà tí wọn kò kó ọkà sí. Inú kò tilẹ̀ bí i. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ra bàtà aláràbarà, tó wá rí i nínú òjò pé páálí ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì juwọ́ sí i, ó sún mọ́tò síwájú, wọ́n ti igi olówùú bọ̀ ọ́ nímú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi ojú kan ṣoṣo tó bọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láàárọ̀ Sátidé pé kò sí kòrónà lára rẹ̀. Màmá Ivy, tó ti ń dá jẹun ní yàrá, bọ́ sí ilé ìdáná. Kò pẹ́ sí i ni Jarrod fun fèrè mọ́tò níta, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ò ní in. Ọ̀fìnkìn lásán ni. Ṣé mo sọ fún ẹ?"

"O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Maeve wí. Ó bọ́ òrùka, ó nawọ́ gba ojú fèrèsé mọ́tò, ó sì fi í sí i lọ́wọ́.

"Nítorí ọ̀fìnkìn?"

Jarrod wo òrùka, ó wo aago, ó wá wo Maeve. Ìbànújẹ́ gidi hàn lójú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí Maeve máa rí irú rẹ̀ níbẹ̀.

"Maeve," ó wí, "ìwọ lo máa ń gé ọsàn fún wa nígbà ìsinmi àárín eré. Ta ló máa gé e lónìí?"

Maeve wò ó títí, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ló ń wí?" Màmá Ivy béèrè nídìí tíì rẹ̀.

"Ọsàn ló ń béèrè."

"Ṣọ́ọ̀bù ò jìnnà," ìyá àgbà wí, ó sì da wàrà sí tíì.