Èédú Titus Kì Í Rú Èéfín

Ẹ̀bá ojú ni Láolú fi ń wo òdìkejì títì. Ní Alexandra, nílẹ̀ òkèèrè tó ń gbé, àlejò kì í ranjú mọ́ onílẹ̀, pàápàá lọ́dún 2015 yẹn tí wọ́n ń lé àjèjì kiri. Titus, ọmọ Súlú onílẹ̀, ní ìsọ̀ níbẹ̀; òun náà ń ta èédú inú ilẹ̀ bíi Láolú, agolo agolo. Láràárọ̀, oníkálukú a dáná sínú agolo oníhò tí wọ́n ń pè ní mbáwúlà, kí oníbàárà lè rí bí ọjà rẹ̀ ṣe ń jó. Ti Láolú a máa rú èéfín bí ẹni ń sun táyà. Ti Titus? Iná pupa fòò, òkè mọ́ kedere. Ibẹ̀ lèrò ń ya sí. Bó bá ń bá a lọ báyìí, Láolú á palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.

Ìlara ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Lọ́jọ́ kan ni Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀ gan-an, bá tún gbé èédú Titus wọlé.

"Àyọ̀ká! Èédú kún ilé, o lọ rà á níta?"

"Bàbá Rìnsọ́lá, ẹ má bínú. Ẹ ò gbọ́ ikọ́ ọmọ yín ni? Ti Titus kì í rú èéfín."

Ó dùn ún wọ egungun. Ó wé ẹyọ kan nínú ti Titus àti ẹyọ kan nínú tirẹ̀ sí bébà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Randburg lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó fi han Fikáyọ̀, ẹnjiníà tó ń bá àwọn awakùsà ṣiṣẹ́.

"Bùrọ̀dá, ọ̀kan náà ni wọ́n," Fikáyọ̀ ní. "Irú mìíràn wà tó le, tó ń dán bíi dígí, òun ni èéfín rẹ̀ kì í pọ̀. Àwọn tó ń yọ́ irin ló ń rà á. Irú èyí tẹ́ ẹ mú wá ni wọ́n ń sun kí iná mànàmáná lè tàn fún àwọn olówó ní Sandton."

"Oògùn ló ń lò nígbà náà."

"Ha! Ẹ lọ wo bó ṣe ń dáná."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Láolú lúgọ sẹ́yìn àpò èédú. Titus kọ́kọ́ da èédú sísàlẹ̀, ó to igi wẹ́wẹ́ lé e, ó wá ṣáná sí i lókè! Láolú dorí mú. Láti kékeré ní Iléṣà, abẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ pé wọ́n ń dáná sí.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Iná ràn, èéfín ò tó nǹkan. Àyọ̀ká gbé oúnjẹ dé, ẹnu yà á.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Orí mi ni."

Titus juwọ́ láti ọ̀ọ́kán. "Shap! Ó dáa bẹ́ẹ̀, Baba! Mo rí yín lẹ́yìn àpò. Ẹ̀ bá kàn bi mí!"

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa ni Titus yìí o."

Láolú tẹríba sídìí iná. Èéfín ò sí, síbẹ̀ ojú ń ta á.