Rédíò Tí Bàbá Kò Gbọ́

"Ṣé kò ní máa kùn ṣá?" Obìnrin aránṣọ kan tún bi ọlọ́jà rédíò.

"Àǹtí, íńtánẹ́ẹ̀tì lèyí ń lò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, ohùn á já gaara."

Ọlọ́jà gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan ní ojú dígí tó ń tàn yòò, àmọ́ owó rẹ̀ kọjá agbára. Èkejì kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè yí i.

"Ẹni tó bá ra èyí kì í kábàámọ̀."

"Ẹ̀yin ọlọ́jà, ìgbà wo lẹ ta ọjà tí kò dáa rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ẹlẹ́bọ́tìnnì.

Bàbá rẹ̀ ló ń rà á fún. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, rédíò ni bàbá ń bá gbélé, ẹjọ́ rédíò náà ló sì ń rò láràárọ̀: ó ń kùn, kò sọ̀rọ̀ ketekete mọ́. Wọ́n tún un ṣe títí, ibi pẹlẹbẹ náà ló fi lélẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń bá oníròyìn jiyàn bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó wá ń wo ògiri láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀ pé ìdákẹ́ yẹn máa mú un lọ bá ìyá òun.

Nígbà tó délé, ó so rédíò mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀. Oníròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lédè òkèèrè, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?" Ó fi ariwo bi í, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ìgbà tó ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sínú yàrá tí bàbá ń jókòó sí, tí ariwo rẹ̀ sì ń bo ohùn wọn.

"Mi ò gbọ́."

Ó rò pé èdè ni bàbá ò gbọ́. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá.

"Mi ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ."

"Ha! Yorùbá pọ́ńbélé nìyí, Bàbá! Èwo ni kò yé yín níbẹ̀?"

Inú bí ọmọ rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí bàbá, ó ń ká aṣọ, ó sì rọra sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n dá a pa dà fún ọlọ́jà."

Bàbá kò fèsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò ṣiṣẹ́ lásìkò náà.

"Bàbá?"

Ó bojú wẹ̀yìn: bàbá ń fi bọ́tìnnì yí ohùn sókè sí i. Ariwo rédíò ti gba gbogbo ilé, aládùúgbò ń gbá ògiri, síbẹ̀ kò gbójú sókè. Ó wá yé obìnrin náà. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ra wọn yẹn, ó ti rò pé nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ ni.

Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. "Ṣé etí yín ni?"

Bàbá gbójú kúrò. "Bí mo bá ní rédíò ló bàjẹ́, wàá ra òmíì. Bí mo bá ní etí ni, níbo lo ti fẹ́ rà á?"

Omi bọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Ó yí ohùn rédíò wálẹ̀, ó gbé e sún mọ́ etí ara rẹ̀, ó wá gbé ẹnu sí etí bàbá rẹ̀, ó sì ń pariwo ìròyìn náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la!"

"Irọ́ ni," ni bàbá wí. Ó yíjú sí i, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń retí èyí tó kàn.